Ọkọ̀ Tí A Fi Yan Gààrí

Bàbá mi kò fi ọwọ́ òsì jẹun rí, àìsàn ò sì tó ohun tí yóò mú un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán mi pa ní Òrè, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi padà sí ilé rẹ̀ ní Odìgbó, mo sì di ẹni tí ń fi ṣíbí bọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Èkó, ó ń ta fóònù. Ó máa ń pè ní ọjọ́ Ìsinmi láti béèrè bóyá a ti jẹun.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ọkọ̀ omi ló ń kàn, òun ló fi tọ́ wa. Àwọn apẹja máa ń wá a wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Ó lè yin ajá aládùúgbò lójú ọmọ rẹ̀, kò ní yin ọmọ. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí kan lábẹ́ ibùsùn: ayùn, òòlù, ìfági, àti irin tí ó fi ń ki òwú sí ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé. Èèkù wọn ti dán nítorí ọwọ́ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ àpótí yẹn, láti kékeré náà ló sì ti ń sọ pé ti àbúrò mi ni, nítorí obìnrin kì í kan ọkọ̀. Àbúrò mi yìí kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri kó má gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fún un ní ògì, mo bi í pé kí ló dé tí àpótí náà kò lè di tèmi. Ó gbé ògì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín.

“Kan ọkọ̀ kan,” ó ní, pẹ̀lú èdè Ìlàjẹ rẹ̀. “Bí wo bá gbé e sómi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí omi è wọ̀ ọ́, gbé àpótí. Bí omi bá wọ̀ ọ́, àbúrò rẹ ni yóò gbé e.”

Mo ní mo gbà. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà àfi “lọ́jọ́ àkọ́kọ́” tó wà nínú rẹ̀.

Orí fóònù ni mo ti rí olùkọ́ mi. Òyìnbó kan ni, ó ń kan ọkọ̀ kékeré nínú ilé rẹ̀, irú èyí tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n fi ń bá odò tó ń sáré lọ. N kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ti ń gé aṣọ, bí ó sì ti ń gé igi rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí mo ti ń gé búbá. Mo fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì gé bátánì. Mo ra pákó àfàrá níbi tí wọ́n ti ń la igi ní Òrè, mo yá òòlù àti ayùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, nítorí Baba ní kí n má fọwọ́ kan tòun. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni òyìnbó náà lò, ó sì fi gọ́ọ̀mù kan tó le bí irin dí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Èmi ò rí irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rà. Mo kan ìṣó, mo ki òwú, mo fi ọ̀dà dúdú pa á, mo rò pé ọ̀kan náà ni.

Abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣe é. Àwọn ará àdúgbò sọ mí ní Ìyá Nóà. Wọ́n á dúró létí ọgbà, wọ́n á béèrè ọjọ́ tí òjò náà yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ẹran mélòó ni mo ti rí kó. Ọlọ́kadà tó ń kọjá á dẹ ìrìn kó lè wò mí dáadáa. Baba náà á ní kí n gbé àga òun síta, á jókòó, á máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi í léèrè, lórí bí wọ́n ti ń tẹ pákó kó má ṣẹ́. Ó wo àwọn tó wà létí ọgbà kó tó dáhùn. Ó ní, ṣé síkẹ́ẹ̀tì ni, kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ̀rín wọn dé ojú títì. Láti ọjọ́ náà, mo pa ẹnu mi dé.

Mo da omi gbígbóná lé pákó náà fúnra mi. Ó ṣẹ́, òmíràn ṣẹ́, ẹ̀kẹta gbà. Òòlù já èékánná àtàǹpàkò mi bọ́. Nígbà tí mo gbé ṣíbí sí Baba lẹ́nu lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wo àtàǹpàkò náà, ó ní kí n ṣọ́ra kí ẹ̀jẹ̀ má kán sínú oúnjẹ òun.

Síbẹ̀ ọkọ̀ parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní tijú láti sọ ọ́. Mo máa ń jí láàárọ̀ kí n tó dáná, màá lọ fi ọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo háyà mọ́tò akẹ́rù kan tí ó ń ru epo pupa, a gbé ọkọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, a gbé Baba síwájú, a lọ sí Àgbábù létí odò. Bí ará àdúgbò ṣe pọ̀ tó nínú mọ́tò yẹn, ẹ ó rò pé ìgbéyàwó là ń lọ. Mo sọ ọkọ̀ sómi, ó léfòó, mo wọ inú rẹ̀, mo fi àjẹ̀ ti ara mi kúrò létí bèbè. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi tutù. Omi ń gba gbogbo ojú ìpàdé pákó wọlé, jẹ́jẹ́, láìkánjú. Kí n tó yí padà, ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Kí n tó dé bèbè, mo ti jókòó nínú omi.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín débi tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí n óò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ dáadáa láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn. Apẹja àgbàlagbà kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ń nawọ́ sí ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Baba pè é sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀ka èdè ilé wọn. Ọkùnrin náà bojú wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A tún gbé ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́tò. Kí a tó dé Odìgbó, Baba ti ní kí n pe àbúrò mi.

Ó dé ní Sátidé, ó gbé àpótí. Ó ní ó wúwo. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àbúrò Baba obìnrin, tó ń yan gààrí ní Omifunfun, gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ náà. Òjò ti pa igi ìdáná rẹ̀, ó ránṣẹ́ pé bí mi ò bá fi ọkọ̀ ṣe nǹkan mọ́, kí n jẹ́ kí òun rí i fi dáná. Mo mú àáké. Mo gbé e sókè, n kò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Baba wà lórí àga rẹ̀. Ó ní kí n má bá àárín pákó jà, kí n gbá a láti ojú ìpàdé, pé ibẹ̀ ló ti máa ń tú wẹ́rẹ́. Mo gbá a níbẹ̀, ó tú. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó kọ́ mi nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àbúrò Baba fi gààrí ránṣẹ́, ó ní ọpẹ́ igi ni. Gààrí náà pọ́n, ó yan dáadáa. Baba ní kí n rẹ díẹ̀ fún òun. Mo bu ú sínú ife, mo da omi tútù lé e, mo fi ṣúgà sí i. Bí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ, ó ní kí n dúró. Inú ife ló ń wò.

“Wo bó ti ń wú,” ó ní. “Bẹ́ẹ̀ ni ugi ọkọ̀ náà ń wú.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú sùúrù tí n kò bá lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní kò sí ọkọ̀ onípákó tuntun tí kì í mu omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kó rì sétí bèbè, wọ́n á kó òkúta lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Igi á mu omi, á wú, gbogbo ojú ìpàdé á fún pinpin. Wọ́n á wá gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, òmíràn kò sì ní wọlé mọ́. Ti òyìnbó orí fóònù kò nílò rẹ̀ nítorí gọ́ọ̀mù. Ó ní tèmi, òun wo ojú ìpàdé rẹ̀ dáadáa létí odò. Ó ní ó dára ju ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí òun kàn láyé òun.

Mo rántí apẹja tó ń nawọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà tèmi, ó gbé àga jókòó, ó ń wo orí ọmọ bó ti ń wọ́, ó sì lé ẹni tó fẹ́ bá mi gbé e dúró. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

“Wo è bi mí,” ó ní, bí ẹni pé àìbéèrè mi ló fà á, ó sì la ẹnu fún ṣíbí.

Inú bí mi. Mo kórìíra rẹ̀. Mo gbé ife ka orí tábìlì kékeré níwájú rẹ̀, mo fi ṣíbí sínú rẹ̀, mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo jókòó síbẹ̀ títí adìẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo ń tẹ́tí. Ohùn Baba kò ṣàìsàn. Bó bá ń bú ènìyàn nínú yàrá, wọ́n ń gbọ́ ọ lójú títì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì le koko, ife náà kò jìnnà sí i. Kò pè mí.

Nígbà tí mo wọlé, ṣíbí dúró gbọnrangandan láàárín ife. Gààrí ti mu gbogbo omi rẹ̀ tán, ó ti wú kún dé etí. Kò fọwọ́ kàn án.

“Ebi ń pa mí,” ó ní.

“Ẹ ò pè mí, Baba,” mo ní.

Mo da omi díẹ̀ lé e, mo rò ó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Ó jẹ ẹ́ tán.