Gáùn Ìkórè Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Fọ̀

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ṣílè díẹ̀ ni a fi ń ra ọ̀pá aṣọ òwú kan, télọ̀ á sì rán an kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni mo ra gáùn kan ṣoṣo ní ọjà Ṣáṣá fún Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ń dán, ó sì ń rùn bí ọ̀rá tuntun. Fúnkẹ́, ìyàwó ọmọ mi tó jẹ́ ìyá rẹ̀, fẹ́ fọ̀ ọ́. Mo ní kó má dán an wò, kí dídán rẹ̀ má baà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa: aṣọ Ìkórè kì í kan omi kí a tó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwàásù kò tíì parí tí Ìbùkún ti ń ha ọrùn. Nígbà tí a délé, ọrùn rẹ̀, abíyá rẹ̀ àti ìbàdí níbi tí rọ́bà aṣọ náà ti fún un ti sú, wọ́n pọ́n, wọ́n sì gbóná. Mo pe Fúnkẹ́ síta lójú àwọn ayálégbé ilé wa.

“Ìdọ̀tí ló ń jẹ ọmọ yìí lára. Ṣé o tiẹ̀ ń wẹ̀ fún un?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, Bàbá.”

“Wẹ̀ fún un dáadáa!”

Ó mú kànrìnkàn àti ọṣẹ, ó sì fi bó ọmọ rẹ̀. Mo ń gbọ́ igbe Ìbùkún láti orí àga mi, mi ò dìde. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, mo tún ní kó wọ gáùn náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí awọ fi ń bó, tí omi ń sun níbẹ̀, tí kò lè fi apá rẹ̀ kan ara.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Moniya, a jókòó títí oòrùn fi kanrí. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo èèyàn, ó sì béèrè aṣọ tó wọ̀.

“Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́, Bàbá?”

Ìbùkún ló dáhùn. “Bàbá àgbà ló ní kí Màmá mi má fọ̀ ọ́.”

“Bàbá alákọ̀wé, ọmọ ti rojọ́ yín!” ni ìyá àgbà kan wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fúnkẹ́ nìkan ni kò rín.

Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ràn. Awọ ara ló ń bínú sí ohun tó kàn án. Aṣọ náà kì í ṣe òwú. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ike ni wọ́n fi hun ún, kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ. Aró àti kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí aṣọ rún sì máa ń kù lára aṣọ tuntun. Fífọ̀ máa ń dín in kù, bí kò tilẹ̀ mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Kànrìnkàn ló wá sọ ọ́ di egbò. Ó fún wa ní ìpara, ó ní kí ó máa wọ aṣọ òwú tó ti gbó. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jiná. Àpá dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo dúró títí àwọn ayálégbé fi pé síta.

“Fúnkẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Èmi ni mo fà á. Má bínú.”

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá.” Ó dìde. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa fọ aṣọ tuntun rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́.”

Mo dúpẹ́ pé ọmọdé tètè ń gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Mo pe àwọn tí a jọ jáde ní yunifásítì láti kìlọ̀ fún wọn. Láńre wà láàyè ní Ìyànà Ọ̀fà. Òun náà kì í jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ Ìkórè. Bísí wà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Òjó ti lọ. Káyọ̀dé ti lọ. Ìyàwó ọmọ Káyọ̀dé ló gbé fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí mo sọ sí Fúnkẹ́.