Owó Ọrùn Asgaut

Ó tọ́ kí ayé gbọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì mọ̀ ọ́n: Asgaut, tí ń gbẹ́ ìyarun tà ní ìlú Jorvik, kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó yí owó ọrùn rẹ̀.

Owó fàdákà kan ṣoṣo ni, tí ó dá lu, tí ó fi okùn irun àgùntàn so kọ́rùn. Lójú kìíní, òòlù Thor, òrìṣà tí ń sán ààrá, wà níbẹ̀. Lójú kejì, àgbélébùú. Ẹni tó ní kí wọ́n rọ owó náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Asgaut náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Bí ó bá ń lọ ta ìyarun fún àwọn àlùfáà, àgbélébùú a yọjú. Bí ó bá ń lọ bá àwọn atukọ̀ létí odò, òòlù a jáde. Ọjà ń tà. Iná orí kò kúkú mọ ẹ̀sìn.

Wàhálà dé nígbà tí ìfẹ́ wọ ọ̀rọ̀. Ljufa, opó tí ń pọn ọtí bálì, ni Asgaut fẹ́ fi ṣaya. Ljufa ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Tofa, tí ń ki Thor nígbàkígbà tí òjò bá ṣú, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ulfkel, tó ti ṣèrìbọmi, tí ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́. Bí àwọn méjèèjì kò bá gbà, kò sí ìyàwó. Nítorí náà, Asgaut a máa kí ìyá nígbà tí Ulfkel bá wà nídìí agogo, a máa kí Ulfkel nígbà tí ìyá bá lọ fún wàrà ewúrẹ́. Ọmọ gidi ni lójú àwọn méjèèjì, títí di ọjọ́ tí Ljufa ní kí ó wá bá gbogbo ilé jẹun ọ̀sán.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn ìyá, ó yí òòlù síta. Ó gbọ́ ohùn Ulfkel, ó yí i padà. Ìyá tún wúkọ́. Ó yí i títí okùn fi lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Ljufa pariwo láti inú ilé pé:

"Ṣé ilẹ̀kùn wa lo wá fẹ́ ni, àbí èmi?"

Ó wọlé, ó jókòó sáàárín ìyá àti Ulfkel. Bí ó ṣe tẹ̀ síwájú kí ó mú ẹja yíyan, owó náà kúrò láyà rẹ̀, okùn tó ti lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ni owó bá ń yí: òòlù, àgbélébùú, òòlù, àgbélébùú. Ojú gbogbo ilé ń bá a yí. Ewúrẹ́ pàápàá yọrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Àna mi ọ̀la," ni Tofa wí, "kí ló ń jó lọ́rùn rẹ yẹn?"

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí..."

"Forí jì ọ́ ti kí ni? Ṣé o rò pé ògiri wa kò ní ihò ni? Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń wò ọ́ tí ò ń yí i. Ọkùnrin tó bẹ̀rù mi tó báyìí, ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn? Bàbá Ljufa kò bẹ̀rù mi rí. Ibo ló wà báyìí?"

Ulfkel nu ẹnu. "Èmi náà ń wò ó, Ìyá. Ihò kan náà ni. Tiwa ni ọkùnrin yìí. Ó kàn ń fi òòlù tàn yín ni."

"Ìwọ ló ń tàn, olórí-bí-agogo!"

"Ṣé ẹ gbà, àbí ẹ ò gbà?" ni Ulfkel bi ìyá rẹ̀.

"Mo ti gbà tipẹ́."

"Èmi náà gbà."

Asgaut mí kanlẹ̀, ó nawọ́ sí ẹja. Ljufa fa àwo sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ gbà, èmi ò tíì gbà. Ìyá ní ojú tiwọn, Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn. Bí o bá ń bọ̀ wá bá mi nídìí ọtí, ojú wo lo máa ń yí sí mi?"

Asgaut wo àjà, ó wo ẹja.

"N kò yí i rí," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Bí mo bá ń bọ̀ wá bá ọ, n kì í rántí pé ó wà lọ́rùn mi."

Ljufa dá àwo padà síwájú rẹ̀, ó sì fi ẹja tó tóbi jù lọ kún un.

Wọ́n ṣègbéyàwó kí bálì tó gbó. Kí ilé lè tòrò, Ljufa fi aṣọ ọ̀gbọ̀ rán àpò kékeré kan, ó ki owó náà sínú rẹ̀, ó rán ẹnu rẹ̀ pa, ó sì so ó kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Òòlù wà nínú òkùnkùn, àgbélébùú wà nínú òkùnkùn. Iwájú àpò funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Síbẹ̀, títí di òní olónìí, Asgaut kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó yí àpò náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú wo ló wá ń yí síta?