Ohun Tó Ń Jẹun Lẹ́yìn Eruku

“Ẹ má tíì ti agbo ìràwọ̀ yìí mọ́ inú ìwé òkú, Ọ̀gá. Ohun kan wà níbẹ̀.”

Màmá Alákọsílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ ìtànṣán ẹ́kísíréè tí awò awọ̀nà-jíjìn ojú òfuurufú ń gbà láti àárín àwọn agbo ìràwọ̀ sílẹ̀. Ó lè bí Ọ̀gá lọ́mọ, ṣùgbọ́n ipò ni ipò.

“Màmá, ṣé òkú tún máa ń sín ni?” Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí i lógún ọdún sẹ́yìn pé àárín rẹ̀ ṣófo!”

Òótọ́ ni. Ìtànṣán rírọ̀ nìkan ni awò àtijọ́ lè mú, kò sì sí èyí tó lè la eruku tó nípọn kọjá nínú wọn. Awò tuntun ń mú èyí tó le, tó ń la eruku kọjá. Ọ́fíìsì a máa ro méjèèjì pọ̀, àmì tíńtín tó wà níbẹ̀ a sì sọnù sáàárín àwọn yòókù. Màmá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé ìtànṣán rírọ̀ mọ́ fónífóní, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Lórí ìkejì, àwọn àmì ṣùjọ sí àárín gbùngbùn, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, tó rọra ń mí.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, síbẹ̀ orí Màmá wú. Ibi tó pè ní yàrá òfìfo kò ṣófo rí. Ohun kan jókòó síbẹ̀, ó ń gbé ìràwọ̀ mì, kò bínú, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti kọ òun sínú ìwé òkú.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ìwé òkú náà pa. Ohun tó bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó mọ́. Kí wọ́n tó yọ ọ́, Màmá gbọ́dọ̀ kọ “Mo ṣe àṣìṣe” sábẹ́ ìbuwọ́lù ara rẹ̀.

“Ẹ rora, Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fín in sára àmì ẹ̀yẹ yín pé ẹ kò ṣàṣìṣe rí. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi àti òun.”

Ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà hàn ketekete.

Ọ̀gá wo àwọn àmì náà pẹ́. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Màmá, mélòó lẹ fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀ nígbà náà?”

“Ọgọ́rin ó dín mẹ́ta.”

Ọ̀gá dìde, ó sì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá fi áyọ́ọ̀nù lọ búláòsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ilé, ó sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e lọ síbi iṣẹ́, láti tún àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin yòókù wò, bí wọ́n tilẹ̀ ti ti ìwé náà pa.