Ẹja Tí Mo Gbé Wọ Ẹ̀pẹ́

Mo kírun àsùbá tán, mo gbé àpótí mi lé orí, mo sì kọrí sí Èbúté Ìkòròdú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà ń yọ̀, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún mi kí n tó dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìkòròdú mọ̀ pé télọ̀ ni mí, ẹ sì mọ̀ pé n kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn kí n má rí nǹkan wí sí i. Bí kò bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́, á jẹ́ pé ọjà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwà yẹn ni mo gbé dání lọ sí Ẹ̀pẹ́, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi lọ. Síkírá ìyàwó mi ti wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sọ Mùsíbáù ọmọ wa lórúkọ, kí ìyá rẹ̀ lè bá a wẹ ọmọ. Ogójì ọjọ́ la jọ dá. Ó di oṣù márùn-ún, kò dé. Iṣẹ́ mi ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, ó sì ti sọ fún mi kó tó lọ pé òun kò ní padà wá jókòó ti ẹ̀rọ tí kò rí aṣọ rán. Lẹ́yìn náà ni Làtífù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní bàbá àwọn sọ pé yàrá kan wà létí èbúté tí òun lè fún mi, kí n wá máa ránṣọ níbẹ̀, kí n sì máa bá àwọn apẹja rán ìgbòkun, ìyẹn aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé ọkọ̀ wọn lọ. Bí mo bá gbà, ìyàwó àti ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá kọ̀, kí n má retí wọn mọ́.

Ìgbòkun! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kóòtù! Mo ti pinnu pé n ó wo iṣẹ́ òwò Ẹ̀pẹ́ fínnífínní, n ó ka gbogbo àbùkù rẹ̀ fún àna mi, kó lè gbà pé ìlú náà kò lè bọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó gba ìyàwó mi, a ó jọ wálé.

Láńṣì la wọ̀, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì tó ń ná Èkó sí Ẹ̀pẹ́, tó máa ń yà gbé èrò ní Ìkòròdú. Ṣílè méjì àti sísì ni mo san, síbẹ̀ orí àpò gàárì ni wọ́n fi mí sí, èéfín sì ń fẹ́ sí mi lójú. Ojú ọ̀run ṣú, ọ̀sà lọ títí, n kò mọ ibi tí omi parí sí. Obìnrin kan ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà nínú ọkọ̀. Mo ra ti tọ́rọ́, àkàrà náà ti tutù, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Mo rí ọkọ̀ kéékèèké bíi mẹ́jọ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tí wọ́n ń yí po lójú kan. Àwọn ọkùnrin inú wọn ń fi ọ̀pá gígùn kan ìsàlẹ̀ omi wò. N kò rí àwọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kankan.

“Ọ̀gá, ṣé epo ti tán ni?” mo bi í.

“Rárá o. Ẹ jẹ́ ká rọra kọjá níbí.”

“Irú ẹja wo làwọn yẹn ń fi ọ̀pá pa?”

Ó tún tẹjú mọ́ omi. Obìnrin alákàrà náà yí ojú kúrò lára mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àkàrà rẹ̀ ló ṣì ń dùn ún.

Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà tí a gúnlẹ̀. Wọ́n ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ pé ariwo ọjà Ẹ̀pẹ́ a máa di ènìyàn létí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja tò létí omi, wọ́n lé ní ogún, kò sí iná nínú ọ̀kankan. Àwọn obìnrin tó ni wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì, ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo omi. Mo ní, ìlú ọ̀lẹ rèé! Ní Ìkòròdú, ní irú àsìkò yẹn, ẹni tí kò bá ti pa owó oúnjẹ a máa sá kiri.

Mo wá ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ, torí òun gan-an ló kàn mí. Ọ̀kan ni mo rí. Bàbá náà jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò wà á.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá wà,” mo wí.

“Iṣẹ́ wà. Ọjọ́ ló burú.”

“Ọrùn ẹ̀wù yìí ló burú, bàbá. Ẹ wo bó ṣe wọ́.”

Ó wò mí títí, ó fa ẹ̀wù náà kúrò níwájú mi. “O kì í ṣe ará ibí.”

“Ará Ìkòròdú ni mí.”

“Káàbọ̀,” ló wí, ó sì tún kọjú sí omi.

Ilé olóúnjẹ ni mo yà sí lẹ́yìn náà. Mo béèrè ẹ̀bà àti ẹja tútù, obìnrin náà sì dáhùn pẹ̀lẹ́ pé, “Kò sí ẹja lónìí, bọ̀dá. Ẹyin ló wà.”

“Ẹ̀pẹ́ láìsí ẹja! Kí lẹ wá ń ṣe níbí?”

“Tí ẹ bá fẹ́ ẹyin, mo lè dín in fún yín.”

Mo jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹyin, mo san sísì, mo sì sọ̀rọ̀ títí mo fi jẹun tán. Mo ní òwò ti kú nílùú yìí, àti pé ẹni tó bá kó ìdílé rẹ̀ wá síbẹ̀ fẹ́ fi ebi pa wọ́n. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń jẹun níbẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kò bá mi jiyàn, èyí sì tún mú mi gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Bí mo ṣe jáde, ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abúlé ọ̀nà jíjìn. Obìnrin kan sọ agbọ̀n ẹja yíyan kalẹ̀ nínú rẹ̀. Àlejò ni òun náà. Mo ra ọ̀bọ̀kún ńlá mẹ́ta ní ṣílè mẹ́rin, mo fi okùn so wọ́n pọ̀, inú mi sì dùn. N ó gbé ẹja lọ bá apẹja nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn nìkan yóò sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa yàrá etí èbúté.

Mo fi ẹja dání rìn gba àárín ìlú. Àwọn ènìyàn ń wò mí. Bàbá arúgbó kan tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ dá mi dúró.

“Ọ̀gbẹ́ni, fi nǹkan bo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ.”

“Bàbá, mi ò jí i. Mo rà á ni.”

“Mo mọ̀ pé o rà á. Bò ó.”

N kò bò ó.

Ilé àna mi wà láàárín àwọn tí bàbá ńlá wọn bá ọba wọn sá kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà ogun. Àwọn ènìyàn jókòó lórí ẹní kún ojúde. Mo rò pé àìríṣẹ́ṣe ló kó wọn jọ. Mo gbé ẹja náà sókè, mo sì kígbe pé, “Ẹ kú ilé o! Mo gbọ́ pé ẹja ti tán nínú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, mo bá yín gbé díẹ̀ wá!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó mi wo ẹja náà, ó fi ìborùn bo ojú, àwọn obìnrin méjì sì dì í mú wọlé. Síkírá jáde wá, ó pọn ọmọ, ojú rẹ̀ ti wú.

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀,” ló wí fún mi.

“Kí ló dé?”

“Làtífù wà nínú omi. Láti àná. Ìjì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọkọ̀ la rí, a ò rí òun. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.”

Ọwọ́ mi kò tètè ṣí. Bàbá Làtífù, àna mi, ló dìde tó gba okùn náà lọ́wọ́ mi, tó sì fún ẹnì kan pé kó lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Kò mọ̀,” ó sọ fún àwọn ènìyàn. “Ẹ wá àyè fún un, kó jókòó.”

Ìbá sàn fún mi ká ní ó gbá mi létí.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí ló là mí lóye. Létí omi níbẹ̀, bí ọ̀sà bá mú ènìyàn, apẹja kan kò ní da àwọ̀n, obìnrin kan kò ní yan ẹja, ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ ẹ́, títí wọn yóò fi rí ẹni náà. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá ronú díẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sì í sunkún síta títí di ìgbà yẹn, torí ẹni tó bá ti sunkún ti gbà pé kò sí mọ́. Ní tiwa ní Ìkòròdú, ẹkún ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ lójú ọ̀nà ilé tí òkú wà. Ẹkún yẹn ni n kò gbọ́, ni mo fi pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Síkírá gbé omi wá fún mi.

“Gbogbo ibi tí ẹ gbà kọjá,” ó wí, “ẹ ò bi ẹnì kankan pé kí ló ṣe ìlú yìí?”

“Mo rò pé wọ́n kàn ń ṣọ̀lẹ ni.”

“Ẹ rò,” ló wí, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá àwọn tó ń wá a pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n béèrè bóyá mo mọ omi wẹ̀. Mo ní rárá. “Ẹ padà sílé,” ni ọ̀kan wí, kò fi ìbínú sọ ọ́. “A ò fẹ́ máa wá ènìyàn méjì.” Mo jókòó sétí omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i nínú koríko etí omi, ní apá ìlà-oòrùn. Ìgbà náà ni ẹkún sọ nínú ilé. Wọ́n ra aṣọ funfun ìsìnkú wá. Àna mi wá síbi tí mo dúró sí, ó ní, “Télọ̀ ni ọ́. Wá.”

Áfáà ló gé aṣọ náà, ó sì fi ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà hàn mí. Ọwọ́ ni mo fi rán an, wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kàn án. Rírán rẹ̀ kò ṣòro, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ń sunkún, n kò rí ojú abẹ́rẹ́ dáadáa, n kò sì gbìyànjú láti fi omijé náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. A sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, àwọn apẹja padà sórí omi. Mo gba etí èbúté kọjá. Iná ń jó nínú gbogbo ààrò, àwọn obìnrin ń pariwo lé owó ẹja, ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ń gbẹ́ ẹ. Ìgbòkun tó ya tò sí iwájú bàbá télọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn níye, apá rẹ̀ kò ká a. “Ẹ kú ọ̀fọ̀ o,” ó kí mi. Mo dá a lóhùn, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ.

Àna mi pè mí kí n tó kúrò.

“Yàrá yẹn, Làtífù ló ni ín,” ó wí. “Òun ló ní kí n fún ọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń fẹ́ ọkọ rẹ̀ nítòsí. Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà o. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wàá bi mọ́. Síkírá ni kí o bi.”

Síkírá sìn mí dé ibi tí lọ́rì ti ń gbé èrò. Mo sọ fún un pé mo ti gbà, pé n ó wá rán ìgbòkun.

“Ẹ má tíì wá.”

“Di ìgbà wo?”

“Màámi kì í jẹun tó bá ti ń gbọ́ ohùn yín nínú ilé. Ẹ lọ ná. Màá ránṣẹ́ tó bá ṣeé ṣe.”

“Bí kò bá ṣeé ṣe ńkọ́?”

Ó tú ọ̀já, ó gbé Mùsíbáù lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà ti wúwo ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, kò sì mọ̀ mí. Ó ń wo ìyá rẹ̀ títí dẹ́rẹ́bà fi pè mí, tí Síkírá sì gbà á padà.

Ọ̀nà ilẹ̀ ni mo gbà bọ̀: ṣílè kan ààbọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ṣílè méjì láti ibẹ̀, gba Ṣágámù, dé Ìkòròdú. Lọ́rì kejì rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a bọ́ sílẹ̀ tì í. Dẹ́rẹ́bà bi mí pé báwo lọjà Ẹ̀pẹ́. Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀, ó sì ti pẹ́ jù kí n tó kọ́ ọ: bí mo bá wọ ìlú tó dákẹ́, kí n béèrè kí n tó wí nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Ìyá Rísì, àgbàlagbà tí a jọ ń gbé, rí i pé èmi nìkan ni mo sọ ẹrù kalẹ̀.

“Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀fọ̀, mà.”

“Yéè! Ta ló kú?”

“Àbúrò mi ni.”

Ó jókòó tì mí lórí àga, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé o ní àbúrò.”

“Èmi náà ò mọ̀, mà,” ni mo wí.