Ìyá Désiré Kò Jáde Nínú Kòtò

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Adakplamè sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Wẹ̀mẹ̀, ẹ ó bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Marguerite lorúkọ rẹ̀, Ìyá Désiré ni gbogbo ayé ń pè é. Iṣẹ́ ẹja ló ń ṣe, ó sì lágídí.

Kòtò ẹja ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Àárín àbàtà ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Bí odò bá kún, omi á bò ó, ẹja á wọlé. Bí omi bá fà, ẹja á há síbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin á kó igbá wá, wọ́n á máa gbọ́n omi, wọ́n á máa bú ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, kálukú á sì gba ìpín ẹja tirẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́n ọn gbẹ. Omi tó bá kù dé orókún, tàwọn ìyá ẹja ni.

Àfi ìgbà tí Géraud, olórí ẹgbẹ́ apẹja, gbé mòtópọ́ǹpù dé. Ẹ̀rọ náà á mu ẹsáǹsì, epo tí alùpùpù ń mu, á tú èéfín, á fa kòtò gbẹ kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ọmọ ẹja tí kò tó èékánná kò ní ṣẹ́ kù. Àwọn obìnrin wá di ẹni tó ń jókòó sílé.

Ohun tó dun Marguerite jù ni pé lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ti pe àwọn apẹja jọ ní Kétu, wọ́n ṣàlàyé bí èéfín ẹ́ńjìnnì ṣe ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, tí òjò kò fi mọ àsìkò rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá máa dín ẹsáǹsì kù na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn nawọ́, wọ́n sì gba fìlà aláwọ̀ ewé. Fìlà yẹn gan-an ni Géraud dé tó fi ń fa okùn mòtópọ́ǹpù. Ojú kò tiẹ̀ tì í!

Marguerite ní ẹ̀rọ náà kò ní wọ kòtò òun. Ẹgbẹ́ ní kò burú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a gbọ́n omi, bí omi tuntun bá sì dé kó tó kó ẹja, kòtò di ti ẹgbẹ́. Kòtò yìí nìkan ló fi ń jẹun.

Ó dá gbọ́n ọn. Ohun tó gbọ́n láàárọ̀, omi á tún sun padà nírọ̀lẹ́. Apá rẹ̀ wú. Ó sunkún, a ò ní purọ́. Òjò ti ń ṣú nígbà tí Géraud gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé etí kòtò, tí àwọn obìnrin sì tẹ̀ lé e wá wòran.

“Ìyá Désiré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Àánú yín ń ṣe mí.”

“Gbé àánú rẹ pamọ́. Ki ẹnu ẹ̀rọ rẹ bọ omi, kí o tan án. Mi ò jáde. Kó fa èmi náà mọ́ ẹja.”

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa tún ojú ọjọ́ ṣe ni?”

“Èmi nìkan kọ́ ni mo nawọ́! Ìwọ náà nawọ́, mo rí ọ. Kòtò tìẹ ńkọ́? Ó ti gbẹ, ó ti sán. Àwọn àrọ̀ tó ń gbá mi lẹ́sẹ̀ yìí ni yóò yé ẹyin tí ìwọ yóò kó lọ́dún tó ń bọ̀. Ó yá, pa wọ́n, kí n máa wò ọ́!”

Géraud kàn ń tún fìlà rẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni Rachidatou, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀rọ gba ìpín ẹja wọn, ti so ìró rẹ̀ gírígírí, tó sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Màmá, igbá dà?”

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́n omi dé orókún, wọ́n kó ẹja, wọ́n pín in, wọ́n sì dúró níbẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà fa ìyókù. Kòtò ṣì jẹ́ ti Marguerite nígbà tí omi tuntun bo àbàtà, tí ẹja sì tàn ká.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ẹja kún kòtò Géraud. Ó fi àrọ̀ ńlá kan, ààyè, rán Rachidatou sí Marguerite nínú garawa. Marguerite fọwọ́ kan ikùn ẹja náà: ẹyin ló kún un. Ó gbé e lọ sí kòtò rẹ̀, ó tú u sómi.

“Sọ fún Géraud pé mo dúpẹ́,” ó ní. “Kó ṣí fìlà yẹn kúrò lórí, tàbí kó gbé ẹ̀rọ yẹn jù nù. Ọ̀kan ni kó mú.”