Bí Verlin Tackett Ṣe Gba Kílórínì Sílé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verlin Tackett fi da kílórínì sínú omi tí gbogbo ìlú wa ń mu. Ilé-iṣẹ́ omi tó wà létí odò Ohio, níbí ní Kentucky, ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ àdúgbò wa kan tí kò mu omi ọwọ́ Verlin dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti Oneida ìyàwó rẹ̀ gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìnkùlé, ó búra pé ẹ̀kán kílórínì kan kò ní kán sínú rẹ̀.

"Mo ti gbóòórùn ẹ̀ tó," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin ẹ máa mu ún. Èmi ò ní wẹ̀ ẹ́."

Oògùn mìíràn ló ń lò, olómi búlúù kan nínú ìgò ńlá, tí kì í ta ojú, tí kì í mú aṣọ ṣá, tí kì í sì í rùn. Oògùn pẹ̀lẹ́ ni Verlin ń pè é. Ọgbà onípákó kúkúrú kan ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wọn àti tèmi, nítorí náà mo ti gbọ́ ìwàásù oògùn pẹ̀lẹ́ ju bí mo ti gbọ́ ti pásítọ̀ wa lọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tó ṣí ìbòrí adágún náà lẹ́yìn òtútù, ó bá nǹkan funfun kan nínú omi, tó ń yọ̀ bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ó kó o kúrò, ó sì da oògùn pẹ̀lẹ́ sí i ní ìlọ́po méjì. Nǹkan funfun náà pọ̀ sí i. Ó tún da á. Bí Verlin ti ń ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ tó ni nǹkan ọ̀hún ń gbilẹ̀ tó.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn dókítà pààrọ̀ orúnkún òsì Oneida. Nígbà tí ojú iṣẹ́ abẹ náà jinná, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ rìn ní kò sóhun tó dáa fún un bíi kó máa lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Oneida fi ọ̀pá tẹ̀ lọ sétí adágún, ó wo inú rẹ̀.

"Verlin, ṣé inú ọbẹ̀ ilá yìí lo fẹ́ kí n wọ̀?"

"Ó máa mọ́."

"Láti oṣù karùn-ún lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún mi ò ní dúró dè ọ́."

Bí Verlin ṣe bu omi adágún náà sínú ìgò nìyẹn, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò adágún. Ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún kan, Kaylynn Dobbs, tó fín ẹja sí ọrùn ọwọ́, ló yẹ omi náà wò.

"Sà, nǹkan funfun yìí ò bẹ̀rù oògùn yín mọ́. Kílórínì ló kù."

Verlin rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń da kílórínì sómi."

"Ó dáa náà, sà. Ṣùgbọ́n oògùn àkọ́kọ́ ṣì wà nínú omi tiyín, òun àti kílórínì kì í sì í gbé pọ̀. Ẹ dáwọ́ dúró ná. Ẹ jẹ́ kó relẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa gbé omi wá kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni kí ẹ tó da kílórínì."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ̀? Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù tí a máa ṣọdún òmìnira!"

"Omi ò mọ ọjọ́ òmìnira, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Verlin wọnú egungun. Ó dé ọ̀dọ̀ mi létí ọgbà, ó ní, "Ẹni tó fín ẹja sọ́wọ́ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ omi." Mo ní bóyá kó gbọ́ tiẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo tutọ́ sí i lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù keje, ọjọ́ òmìnira gan-an, Verlin wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí láyà. Ó gbé kílórínì olómi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ó ń rìn yí adágún ká, ó ń da á bí àlùfáà tó ń súre. Kò tíì da kẹrin tán tí omi fi di àwọ̀ ewé. Láìpẹ́ ó di àwọ̀ tíì, nǹkan dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ń rì lọ sísàlẹ̀.

Ìgbà náà ni Arvella, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wọlé pẹ̀lú abọ́ sáláàdì pọ̀tétò, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ márùn-ún tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ti wọ aṣọ ìwẹ̀ láti ilé.

Arvella wo omi. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Verlin, ṣé o ní ká wá wẹ̀ ni, àbí ká wá mu àgbo?"

"Kẹ́míkà ló ń ṣiṣẹ́."

"Mo rí i. Ó ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára ẹ̀."

"Arvella, odindi ìlú ni mo ṣe é fún—"

"Á jẹ́ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ìlú."

A jókòó yí omi náà ká, à ń jẹ sọ́séèjì yíyan bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Aṣọ ìwẹ̀ tuntun ni Oneida wọ̀ sábẹ́ káábà rẹ̀. Mo rí okùn rẹ̀ ní èjìká. Ìgbà tí àlejò lọ tán ló tó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ọmọ yẹn sọ fún ẹ, àbí kò sọ?"

"Ó sọ."

"Kí lo wá gbọ́?"

Verlin ronú. Olóòótọ́ èèyàn ni. "Mo gbọ́ pé ọmọdé ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Kaylynn gbé ìgò omi aláwọ̀ tíì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyẹn ló dun Verlin jù.

"Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sà?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ó dáa. Níbi tó dé yìí, kò sí ìpadàsẹ́yìn, iwájú la máa lọ."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún un: kó da kílórínì nírọ̀lẹ́, kó wọn èyí tó kù láàárọ̀, kó fọ asẹ́ oníyanrìn tí omi adágún ń gbà kọjá, kó tún da á, títí di àárọ̀ tí ohun tó dà nírọ̀lẹ́ yóò ṣì wà níbẹ̀. Wọ̀n ọ́n, da á, kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Verlin ti ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni. Kò kàn rò pé ilé náà jẹ́ ibi iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ló gbà. Ní ọjọ́ kẹfà, Kaylynn fúnra rẹ̀ yà wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ṣí asẹ́, iyanrìn inú rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ. Òun àti Verlin ń wà á jáde, èmi ń gbé korobá. Ní korobá kìíní, "ọmọ mi" ni Verlin ń pè é. Nígbà tó máa di ìkẹta, ó ti di "Màdáàmù Dobbs".

Omi náà kúrò ní àwọ̀ tíì, ó di àwọ̀ ewé, ó funfun bíi wàrà, ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Verlin ké sí mi pé kí n wá ka àwọn ìdè irin tó di ìdérí ihò ìsàlẹ̀ adágún mú. Mẹ́jọ ni.

Oneida wọ inú omi lọ́jọ́ yẹn, ó di irin etí adágún mú, ó ń mí kanlẹ̀. Verlin fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó sórí àga pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn.

"Wọ inú omi wá, olóríkunkun."

"Ó ń rùn, Oneida."

"Bí ìwọ náà ṣe máa ń rùn nìyẹn nígbà tó o ṣì ń ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì ń bá ẹ sùn."

Ó bọ́ ṣòkòtò, ó wọ inú omi. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi dé ìgbáròkó rẹ̀.

Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, Oneida ti ń rìn láìlo ọ̀pá. Ó rìn wá bá mi létí ọgbà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aṣọ ìnura léjìká, inú ń bí i gidi.

"Jọ̀ọ́, bá mi pe ọkọ mi jáde nínú omi. Láti aago mẹ́fà ló ti wà níbẹ̀. Orúnkún ta ni wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ gan-an?"