Bí Bàbá Adéníjì Ṣe Bá Òfin Illinois Dúnàádúrà

Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oak Cliff, ní Texas, ló mọ ìtàn bí olóògbé Bàbá Adéníjì ṣe fi fóònù bá òfin ìpínlẹ̀ Illinois dúnàádúrà fún odidi wákàtí kan. Fèyísọ́lá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Chicago, bí ọmọkùnrin, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Bàbá ní láyé. Bàbá ni yóò sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Màmá Oyèrónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti lọ ṣáájú láti wẹ ọmọ. Bàbá ní òun yóò wa mọ́tò láti ilé wọn ní Balch Springs, nítorí kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ó ní òun kì í ra ohun tí kò ṣeé ná. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ó fẹ́ gbé ìbọn rẹ̀ dání.

Ìbọn dúdú gbọọrọ ni, irú èyí tó ń kó ọta bọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ní Texas tiwa níbí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó wà lára rẹ̀. Fèyísọ́lá ló pè é lórí fóònù.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé gun yẹn wá o. Wọn ò gbà á níbí, wọ́n á mú yín. Tí mo bá rí i nínú mọ́tò yín, mi ò ní ṣílẹ̀kùn."

Bàbá kò bá ọmọ jà. Ó wá nọ́ńbà ọ́fíìsì ìjọba kan ní Illinois, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sharon sì gbé fóònù. Sharon fi sùúrù ṣàlàyé pé ìbọn tó bá ń kó ọta bọ ara rẹ̀ lẹ́nu, tí àpò ọta rẹ̀ ṣeé yọ, tó bá tún ti ní ẹyọ kan péré nínú àwọn nǹkan kan, ó di èèwọ̀ nìyẹn. Bàbá ní kó ka àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Sharon dárúkọ ìdìmú tó yọ sísàlẹ̀ bíi ti ìbọn ìléwọ́. Bàbá ní òun yóò yọ ọ́. Ó dárúkọ ìdí ìbọn tó ṣeé ká. Bàbá ní òun yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Ó dárúkọ ohun tó ń bo iná ẹnu ìbọn. Bàbá ní ìyẹn, òun fi ta ìjọba lọ́rẹ. Sharon mí kanlẹ̀, ó ní irú ìbọn yẹn gan-an wà nínú àwọn tí òfin dárúkọ, kò sí ohun tí Bàbá lè yọ tí yóò yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀.

Bàbá kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ìsọmọlórúkọ náà ni mò ń bọ̀ wá ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òun náà lórúkọ tuntun."

Báyìí ló ṣe bá gbogbo ayé gbé. Dókítà ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì lójúmọ́, ó ní òun yóò lo ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àdúrà dípò ìkejì. Pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá bá a fà á títí ó fi di ọjọ́ kan àti ààbọ̀. A kò mọ ẹni tó tún rí irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ Pásítọ̀.

Ohun tí àwa ẹlẹ́rìn-ín kò mọ̀ ni ìdí tó fi di ìbọn náà mú bẹ́ẹ̀. Màmá Oyèrónkẹ́ nìkan ló mọ̀ nígbà náà pé lọ́dún 1994, àwọn adigunjalè dá a lọ́nà nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lù ú, wọ́n sì jù ú sínú igbó ní òun nìkan títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà, kò lè dá rin ọ̀nà jíjìn láìní ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbọn tí à ń wí yìí, kò yìn ín rí. Ariwo rẹ̀ gan-an ń já a láyà.

Fèyísọ́lá ló sọ ìyókù fún wa níbi ìsìn ìsìnkú Bàbá, ní oṣù kẹrin tó kọjá. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mọ́tò Bàbá dúró níwájú ilé. Òun lọ tààrà sí bùútù, òun tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Iṣu àti epo pupa ló wà níbẹ̀, kò sí ìbọn. Àṣé Bàbá ti tì í mọ́lé ní Balch Springs. Òun wá yí padà láti kí i, ni òun rí i pé kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n.

"Daddy, kí ló ṣe yín?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi. Láti ilé dé ibí. Ṣùgbọ́n o ní o ò ní ṣílẹ̀kùn."

 Àwa tí a ti múra ẹ̀rín sílẹ̀ fún ìtàn Sharon kò rí ẹni rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí a fẹ́ràn ọkùnrin náà, a kò sì mọ̀ ọ́n tó. Fèyísọ́lá ní òun di ọwọ́ bàbá òun mú nínú mọ́tò yẹn, òun sunkún, òun bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ náà kò yéé gbọ̀n. Màmá ló gbé ọmọ jáde wá, tó tẹ́ ẹ lé Bàbá lọ́wọ́. Fèyísọ́lá ní ìgbà tí Bàbá pe ọmọ náà ní Òkìkíolúwa ni ọwọ́ rẹ̀ tó dúró.